Ìdọ̀tí Tí Mo Fọ̀ Kúrò

Ọjọ́ Ajé, 12 Ṣẹ́rẹ́

Hosea mi,

Òjò ò dá láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹta tún ti ń jó kiri ṣọ́ọ̀bù, mo fi bíríkì méjì tì í lẹ́sẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe, ó gbé bíríkì náà rìn.

Marva ti gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onísinimá tó dé sí ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́. Ní ìlú Tolliver wa yìí, Hosea! Wọ́n fẹ́ ya sinimá nípa àwọn òṣìṣẹ́ òwú ayé àwọn bàbá wa. Ọmọ rẹ ń sùn nínú yàrá tó ń sùn nígbà tó wà ní ilé-ìwé, ó ń jí láago márùn-ún, ó sì ń padà wálé tòun ti ìka dúdú. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an.

Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n á gbé aṣọ tuntun fún mi, èmi á sọ ọ́ di àkísà."

Mo ní, "Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti sin ọ́.


Ọjọ́bọ̀, 15 Ṣẹ́rẹ́

Dewey gbé ẹja díndín wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló tú ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìyàwó Hosea, ṣé o mọ̀ pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún dọ́là tí àwọn èèyàn yẹn bá ná ní ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba ń yọ tó ọgbọ̀n kúrò nínú owó orí wọn? Ọgbọ̀n! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ta ẹja, ta ló fojú fo sẹ́ńtì kan fún mi rí?"

Mo ní, "Lọ ya sinimá ẹja."

Ó ní àwọn aṣòfin ti wọlé ní Àtìláńtà, àbádòfin kan sì ti wà níwájú wọn láti gé ẹ̀dínwó owó orí yẹn sí ìdajì. Ó ń dùn mọ́ ọn. Mo sọ fún Marva nígbà oúnjẹ alẹ́. Inú tirẹ̀ ò dùn.

Ó ní, "Tí wọ́n bá gé e, àwọn ilé-iṣẹ́ á kó lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ púpọ̀ fún wọn. Ibi tí iṣẹ́ bá lọ ni mo máa lọ, Mọ́mì. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

Mo bu ẹ̀wà kún tirẹ̀. Àmọ́ mo lè sọ fún ọ. Mi ò fẹ́ kó lọ. Nígbà tí kò sí nílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ, mo ń tan rédíò sílẹ̀ ní yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́rẹ́

Òtútù nini. Ẹyin ti wọ́n sí i.

Wọ́n ti dí òpópónà wa. Wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù wa di ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ayé àtijọ́, wọ́n gbé pátákó bo gíláàsì iwájú, wọ́n kó àpò jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù ara mi. Ìyá Frazier gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá fọ̀, ó wo pátákó náà, ó wojú mi, ó ní, "Verlene, àwọn màlúù lò ń bọ́ báyìí?"

Èèyàn méje ní ìlú yìí ló ń wa ọkọ̀ fún wọn. Ìyẹn dára. Wọ́n tún òrùlé ilé òwú ṣe, ibi tó ti ń jò láti ìgbà tí Marva wà lọ́mọdé. Ìyẹn náà dára. Àmọ́ àwọn alásè wọn bá wọn wá láti Àtìláńtà nínú ọkọ̀ ńlá kan, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sùn sí sì wà létí títì márosẹ̀, ní àgbègbè kejì. Dewey dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di méjì. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo àwọn igba èèyàn tó ń jẹun lórí tábìlì aláṣọ funfun ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí ibi tí oníbàárà lè gbé ọkọ̀ sí.

Mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, kò gba owó mi. Ó ní, "Má ṣàánú mi, ìyàwó Hosea. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń bínú."


Ọjọ́ Àìkú, 8 Èrèlé

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kó o tó bínú.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fọṣọ wọn bàjẹ́ lánàá. Ní aago méje òwúrọ̀ yìí, awakọ̀ kan já àpò mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní wọ́n máa nílò wọn láago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì lọ. Marva ti lọ sí Savannah láti lọ ra bàtà àtijọ́, kò ní dé títí alẹ́.

Hosea, o ò tíì rí irú ìdọ̀tí yìí rí. Amọ̀ pupa dé orúnkún. Girísì. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ní àyà ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá. Òógùn tó ti di ìlà funfun ní ẹ̀yìn. Mo dúró, mo káwọ́ lérí, lẹ́yìn náà inú mi dùn. Àtìgbà tí o ti lọ, aṣọ ìbùsùn àti tówẹ̀lì nìkan ni wọ́n ń gbé wá, ohun tí ọmọdé lè fọ̀. Mo bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo da omi tútù sí i fún ẹ̀jẹ̀, mo fi fínígà àti ọṣẹ ọlọ́dà pa amọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ gbo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ wọn yẹn le, kò dà bí ẹ̀jẹ̀ gidi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe lù, ọgọ́ta aṣọ ló wà lórí ìkọ́, wọ́n funfun bí ẹyẹ lékeléke, mo lọ̀ wọ́n kínníkínní.

Ẹ̀yìn ń ro mí. Màá fi ìdùnnú sùn.


Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlé

Ó yẹ kí n ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá Constance, obìnrin tó ń darí aṣọ wọn, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan dání bí ẹni mú òkú ẹyẹ. Marva wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Marva ò ṣeé wò.

Ọ̀gá Constance ò pariwo. Ó ní, "Màmá Marva, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìdọ̀tí mi wà?"

Mo ní, "Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò, Mà." Mo ń yangàn, Hosea. Mo rò pé ó ń yìn mí.

Marva jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Ó ní, "Mọ́mì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ṣe ìdọ̀tí yẹn."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Abẹ́ apá nìkan ni wọ́n máa ń fọ̀, níbi tí òṣèré ti ń làágùn gidi. Àbàwọ́n yòókù, kíkùn ni Marva kùn wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti ya fọ́tò wọn, torí aṣọ tó bá dọ̀tí ní apá òsì lánàá gbọ́dọ̀ dọ̀tí ní apá òsì náà lọ́la. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sinimá ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin tó ti ń fọṣọ fún ogójì ọdún. Èmi náà ò sì béèrè. Nínú ilé wa, aṣọ tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ kó ohun tó kó wọlé jáde. Ìwọ lo sọ ọ́.

Wọ́n dá iṣẹ́ òní dúró. Igba èèyàn jókòó. Àwọn kan nínú wọn lọ jẹ ẹja lọ́dọ̀ Dewey nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Dewey wá láago mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Ìyàwó Hosea, ìgbà wo lo tún máa fọṣọ wọn?"

Mo ju tówẹ̀lì lù ú.


Ọjọ́rú, 11 Èrèlé

Ọjọ́ kejì rèé tí èmi àti Marva ń da ìdọ̀tí padà.

Ní àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó to fọ́tò sára ògiri, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ kọfí sí i. Mo jókòó mo ń wò ó. Nígbà tó ṣe, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Kọfí yẹn máa ṣí."

"Ó máa ń tó, Mọ́mì."

"Kò tó. Tó o bá fẹ́ kí amọ̀ dúró, pò ó mọ́ ìpẹtà irin àti fínígà, kó o lọ̀ ọ́ ní gbígbóná. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn èèyàn má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sọ́wọ́ mi.

Mo kọ́ ọ ní gbogbo àwọn ọ̀tá mi: ìpẹtà, èso dúdú etí odò, òróró ọkọ̀ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ mọ́ aṣọ, tíì tútù olómi ṣúgà tí wọ́n gbàgbé nínú oòrùn. Àwọn ohun tó ti pa mí lẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Marva ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà kọ́ mi pé orúnkún ni ṣòkòtò òṣìṣẹ́ ti ń kọ́kọ́ gbó, kì í ṣe ìdí, àti pé ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí itan òsì. Mo wo ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Mo ti fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà, mi ò rí i rí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Mo ra ṣokoléètì ọjọ́ àwọn olólùfẹ́ fún ọ. Èmi náà ni mo jẹ ẹ́.


Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Ọ̀gá Constance ní ìdọ̀tí tuntun wa dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti gbà mí síṣẹ́ títí wọ́n á fi parí. Mo ń fọ abẹ́ apá.

Aṣòfin wa, Ọ̀gbẹ́ni Pettway, wá rí mi. Ó fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní Àtìláńtà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n sọ àǹfààní tí àwọn onísinimá ṣe fún ìlú kékeré. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ tiwọn. Àwọn kan ní èrè ni, àwọn kan ní òfò ni, orí ti dà rú fún gbogbo wa."

Dewey gbọ́. Ó ní, "Tó o bá lọ, gbé tèmi náà lọ."

Marva ò sọ pé kí n lọ tàbí kí n má lọ. Ó fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Èrèlé

A ti dé. Ẹsẹ̀ mi wà nínú omi gbígbóná bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan fún mi ní fọ́ọ̀mù: ṣé mo fara mọ́ ẹ̀dínwó owó orí náà àbí mi ò fara mọ́ ọn. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná. Ó ní, "Mà, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan." Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí àyè níbẹ̀ fún ohun tí mo rí." Ó wo ẹ̀yìn mi, ìlà gùn, ó jẹ́ kí n kọjá.

Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Marva jókòó sí ìlà kejì. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ tí mo bá fẹ́ kó dúró. Mo ti kọ́ ọ sórí nínú ọkọ̀.

Mo ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, alágbàfọ̀ ni mí. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé mi ró ní ìgbà òtútù yìí. Èèyàn méje wa ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n tún òrùlé kan ṣe. Ọmọ mi wá ń sùn nílé." Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, Hosea. Wọ́n ti ń mi orí. Àmọ́ mo ti gbé ti Dewey dání. Mo ní, "Aládùúgbò mi tó ń ta ẹja, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ò rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Oúnjẹ wọn ti Àtìláńtà wá. Ibi tí wọ́n ń sùn, àgbègbè kejì ni. Ní oṣù tó ń bọ̀ wọ́n máa lọ, mi ò sì mọ ohun tí àwọn awakọ̀ méje yẹn máa wa. Èyí tí mo rí nìyí. Ó ṣe mí lóore. Mi ò lè sọ pé ó ṣe ìlú lóore."

Aṣòfin obìnrin kan fà mọ́ maikirofóònù. "Mà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa fi ọgbọ̀n dọ́là yẹn ṣe?"

Mo ní, "Ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní àgbègbè wa ti tì. Wákàtí kan làwọn aboyún ń wakọ̀. Mo mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ àwọn onísinimá, ṣé ọ̀dọ̀ wa lẹ máa gbé e wá?"

Ó yí bébà rẹ̀ padà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Pettway ń wo tábìlì.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe kọjá ìlú Macon, Marva pa rédíò.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé ẹ lè ti fi ọ̀rọ̀ yẹn lé mi kúrò nílé?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò lè fi irọ́ kékeré kan pọ́n mi lé?" Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Mo ní ebi ń pa mí. A yà jẹ adìyẹ.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 Ẹrẹ́nà

Òdòdó ti bẹ̀rẹ̀ lórí igi èso píìṣì.

Ọjọ́ ìkẹyìn wọn lónìí. Ọ̀gá Constance fà mí wá síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Ọkùnrin kan ń jáde nínú ilé òwú, ó rẹ̀ ẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí itan òsì. Mo ṣàánú rẹ̀. Mo ti ń ronú ta ló máa bá a fọ ṣòkòtò yẹn kí n tó rántí pé Marva ló kùn ún, pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó kùn ún.

Mo wá ojú rẹ̀ láàárín èrò. Ó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, kò wo òṣèré rárá, aṣọ ló ń wò. Bí o ṣe máa ń dúró wo ṣẹ́ẹ̀tì tó bá mọ́ nìyẹn.


Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ẹrẹ́nà

Àwọn aṣòfin ti gbé àbádòfin náà tì di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀dínwó náà dúró. Ọ̀gbẹ́ni Pettway pè mí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò ran òun lọ́wọ́, kò sì ran àwọn yòókù lọ́wọ́.

Marva máa dúró! Mo kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù. Dewey ní kí n jọ̀ọ́, oníbàárà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ ni.


Ọjọ́ Ajé, 30 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá Constance pe Marva. Sinimá tó kàn, Áyálàǹdì ni wọ́n máa ti yà á. Ó ní ìjọba ibẹ̀ ń yọ ju tiwa lọ. Àwọn tó wà ní Àtìláńtà ń ṣòfin lé wa lórí, àṣé àwọn kan wà lókè òkun tí àwọn náà ń ṣe tiwọn. Oṣù mẹ́jọ. Marva ló máa jẹ́ olórí àwọn tó ń sọ aṣọ di àkísà, èèyàn mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.

Ó sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Mo lè máa bá yín fọṣọ."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.


Ọjọ́ Ẹtì, 3 Igbe

Mi ò tíì sọ. "Má lọ" ti dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń bá mi ká aṣọ ìbùsùn. A di igun méjì-méjì mú, a ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ara wa, bí èmi àti ìwọ. Ó ká a dáadáa. Á di alágbàfọ̀ tó dára. Á di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta níbí, á máa fi bíríkì ti ẹ̀rọ kẹta, kò ní sọ̀rọ̀ burúkú sí mi láé, á sì máa wo ṣòkòtò àwọn èèyàn lójú pópó.


Ọjọ́ Àìkú, 5 Igbe

Àjíǹde. A lọ síbi tí o sùn sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé òdòdó lílì sílẹ̀.

Mo sọ fún un níbẹ̀, níwájú rẹ, kí n má baà yí i padà. Mo ní, "Lọ."

Ó ní, "Ẹ ò fẹ́ kí n lọ."

Mo ní, "Mi ò fẹ́. Lọ."

Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún títí aṣọ Àjíǹde mi fi tutù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló máa bá yín jẹun?" Mo ní Dewey ṣì máa fi ẹja san oore èyí tí ìfọṣọ mi bá a tà ní ọjọ́ kẹsàn-án Èrèlé. Ó rẹ́rìn-ín sínú ọrùn mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Igbe

Ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ gbéra láago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí títí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Mo wakọ̀ wálé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá Frazier gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá.

Rédíò kan ṣoṣo ni mo tan.

Hosea, ojú ewé mọ́kànlélógún ló kù nínú ìwé yìí. Marva ni mo máa kọ wọ́n sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìwọ ti mọ̀, òun ò tíì mọ̀ ọ́n, ó sì lè fèsì. Má bínú sí mi.